Ìwé Tó La Àárín Oyin Kọjá

Láàárín èrò tó kún ọgbà ìwọ̀n lọ́jọ́ náà, ojú mẹ́rin ṣe kòńgẹ́.

Ojú méjì jẹ́ ti Àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ìyá rẹ̀ ń gbin ẹ̀wà. Ojú méjì yòókù jẹ́ ti ọmọkùnrin kan tí kò rí rí. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Àbígbẹ̀yìn ì bá rẹ́rìn-ín músẹ́ kó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Oyin ló dé.

Ọ̀wọ́ oyin kan yọ láti ẹ̀yìn òrùlé páànù, ó ṣú bí òjò, ó sì dà sórí ọgbà tí àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn irè oko wọn. Wọ́n fi àpò sílẹ̀, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ìdí ìwọ̀n, tó máa ń ṣàròyé orúnkún láàárọ̀ lálẹ́, òun ló kọ́kọ́ fo tábìlì. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ọgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá páropáro.

Àbígbẹ̀yìn nìkan ni kò lè sá. Ó fẹ́ sá, ẹsẹ̀ ló kọ̀. Oyin kan bà lé etí aṣọ rẹ̀, òmíràn ń dún nídìí etí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì tutù bí ẹni tí wọ́n da omi kànga lé lórí. Nígbà náà ló rí ojú ọmọkùnrin náà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun náà kò sá. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ètè rẹ̀ sì wí ọ̀rọ̀ kan tí Àbígbẹ̀yìn kò gbọ́ ṣùgbọ́n tó yé e: "Jẹ́jẹ́." Ó di ojú yẹn mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń di okùn mú.

Kò pẹ́, àwọn oyin ṣù jọ sára ẹ̀ka igi kan. Ọmọkùnrin náà gbé àpótí oyin òfìfo kan láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó gbọn ẹ̀ka náà, gbogbo wọn sì já sínú rẹ̀ bí ọkà tí wọ́n dà sínú agbọ̀n.

"Wọn ò bínú," ó sọ fún Àbígbẹ̀yìn bó ti ń dé àpótí náà. "Ilé ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń wá ilé kì í ráyè ìjà." Ó wo ọmọbìnrin náà dáadáa. "Gbogbo èèyàn sá, ìwọ nìkan lo dúró. Mi ò tíì rí ẹni tó láyà báyìí rí."

Ibi tó yẹ kí òtítọ́ ti jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn, ojú tó sọ ọ́ sì tún dùn jù ú lọ.

"Oyin kì í bà mí lẹ́rù," Àbígbẹ̀yìn dáhùn.

Ọmọkùnrin náà kò sọ orúkọ, kò sì bèèrè tirẹ̀. Kí Àbígbẹ̀yìn tó délé, ó ti sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nínú ọkàn ara rẹ̀. Ìgbà tó yá ló gbọ́ pé ọmọ àbúrò Bàbá Olóyin ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn. Àyà rẹ̀ já. Ilẹ̀ Bàbá Olóyin àti oko ìyá rẹ̀ pààlà, ọ̀rọ̀ sì wà láàárín wọn.

Nígbà tí Àbígbẹ̀yìn wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó lé bọ́ọ̀lù wọ ọgbà oyin, ó sì fi ara gbá àpótí kan. Àwọn oyin ta á títí ojú rẹ̀ fi wú tí kò ríran mọ́. Ìyá rẹ̀ lọ bá Bàbá Olóyin jà, Bàbá Olóyin ní kì í ṣe oyin ló lọ bá ọmọ nílé. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n oyin kò mọ̀ pé ìjà wà. Òdòdó ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀wà náà kò sì lè so dáadáa láìsí wọn. Nítorí náà, àwọn àgbà méjèèjì dá ọgbọ́n kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Bí Ìyá bá fẹ́ fín oògùn kòkòrò, yóò kọ̀wé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Bí Bàbá Olóyin kò bá fara mọ́ ọn, yóò kọ "Rárá" sẹ́yìn ìwé náà, yóò sì dá a padà. Bí kò bá wí nǹkan kan, ó ti gbà nìyẹn, yóò sì ti àwọn oyin rẹ̀ mọ́lé lálẹ́. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń fi ìwé náà fúnni, torí pé ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan tí wọ́n fi há ara géètì rí. Ẹ̀gbọ́n Àbígbẹ̀yìn ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́nà jíjìn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá pe Àbígbẹ̀yìn, ó sì na ìwé kan sí i.

"Kòkòrò dúdú wínníwínní ti bo orí ẹ̀wà," ó ní. "Lọ́la, tí ìrì bá ti gbẹ, Ọ̀gá Afínoògùn ń bọ̀. Mú èyí lọ fún ọkùnrin yẹn. Fi lé e lọ́wọ́ o. Mi ò kọ̀wé sí ewúrẹ́."

"Ìyá, èmi kọ́?"

"Ṣé èmi ni? Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀wà yìí ni owó ìdánwò rẹ, òun ni owó ilé, òun náà ni bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn. Ó yá."

Àbígbẹ̀yìn mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, ẹni tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní Rédíò nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n dé géètì ọgbà oyin. Àpótí oyin tò ní ìlà méjì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi kan lókèèrè, Bàbá Olóyin sì wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ìró kan ń ti inú ọgbà náà wá, bí ìgbà tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń kùn nínú yàrá tí wọ́n tì pa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," Rédíò ké.

Bàbá kò gbọ́. Etí rẹ̀ ti wúwo, ìró oyin sì bo ohùn wọn mọ́lẹ̀.

"Wọlé," Rédíò wí.

Àbígbẹ̀yìn gbé ẹsẹ̀ kan. Òógùn bo ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ìwé náà mú. Gbogbo bí ojú rẹ̀ ṣe wú nígbà yẹn ló tún padà sára rẹ̀, ó sì dà bíi pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń lẹ̀ pọ̀.

"Ìwọ tí oyin kì í bà lẹ́rù?" Rédíò bú sẹ́rìn-ín. "Wo ẹsẹ̀ rẹ. Adìyẹ tí òjò pa sàn jù ọ́ lọ."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Jẹ́jẹ́ yọ láti inú ahéré kan nínú ọgbà, ó gbé agolo èéfín tí wọ́n fi ń mú oyin rọlẹ̀ dání. Kíá, Àbígbẹ̀yìn fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ògiri. Kí ni yóò sọ bó bá rí i tó ń gbọ̀n báyìí? Gbogbo iyì tó ní lójú ọmọkùnrin náà, ìdúró ọjọ́ yẹn ló fún un.

"Jẹ́ ká lọ," Rédíò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mú un wá lọ́la. Sọ fún Ìyá pé o ti fún wọn. Ta ló máa bèèrè lọ́wọ́ ta? Ṣebí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n ó rọrùn. Àbígbẹ̀yìn ki ìwé náà sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì padà sílé.

"Ṣé o fún un?" Ìyá bèèrè.

"Mo ti fún wọn, Ìyá."

"Kí ló wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó ti gbà nìyẹn. Ọlọ́run ṣeun."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àbígbẹ̀yìn yọ ìwé náà kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì fi í sínú àpò aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́la. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á mú ìwé náà lọ. Ní kùtùkùtù, oyin ò tíì ní jí. Bí ẹni pé ó mọ ìgbà tí oyin ń jí.

Nígbà tó dé etí oko láàárọ̀, oyin ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Òdòdó ẹ̀wà ti là lórí gbogbo igi tí wọ́n fi gbé e ró, funfun àti elésè àlùkò, oyin sì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Jẹ́jẹ́ dúró síbi ààlà, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ìgò oyin wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó rí Àbígbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ tàn.

"Aláyà," ó kí i. "Wá wo nǹkan. Sún mọ́ ọn, o ò kúkú ń bẹ̀rù."

Àbígbẹ̀yìn sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí oyin má bàa bà lé e.

"Àwọn kéékèèké yìí, tiwa ni," Jẹ́jẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n èyí dúdú tó tóbi yìí, kò sẹ́ni tó ni ín. Oyin igbó ni. Inú igi gbígbẹ ló dá ilé sí. Wò ó báyìí."

Oyin dúdú náà bà lé ètè òdòdó kan. Ó wúwo débi pé òdòdó náà tẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣí bí ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, àtíkè òdòdó ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó gbé e lọ sínú òdòdó kejì, àti ẹ̀kẹta.

"Àtíkè yẹn ló ń mú kí òdòdó so," ó ní. "Ẹ̀wà kan wà tó lè dá so fúnra rẹ̀. Irú ti ìyá rẹ yìí ńkọ́? Tí kò bá sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn, kò fi bẹ́ẹ̀ so. Òdòdó á kàn rẹ̀ dànù ni." Ó gbé ojú kúrò lára òdòdó náà. "Nílùú wa, ẹnì kan fín oògùn láàárọ̀ báyìí, tí gbogbo wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ló ni oyin ibẹ̀. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, òkú oyin ti bo iwájú àpótí bí ìyàngbò. Kò ku ọ̀kan. Ìdí tí mo fi wà níbí nìyẹn."

Àbígbẹ̀yìn wo ọ̀nà ìsàlẹ̀ oko.

"Tiwa, a lè tì wọ́n mọ́lé," Jẹ́jẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ti igbó ńkọ́? Ta ló máa ti ilẹ̀kùn fún un? Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi fẹ́ kọ̀wé sí ìyá rẹ pé kí wọ́n máa fín oògùn nírọ̀lẹ́, nígbà tí òdòdó bá ti pa ojú dé, tí kálukú ti relé. Ẹ ò tíì ní fín oògùn kan báyìí, àbí?"

Ẹnu Àbígbẹ̀yìn là. Ìwé náà wà nínú àpò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóná mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́, ó mọ òwe náà dáadáa. Síbẹ̀, ó dákẹ́.

"Mo mọ̀ pé bó bá tiẹ̀ fẹ́ rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ò ní jẹ́," Jẹ́jẹ́ wí. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ ta oyin.

Eruku kẹ̀kẹ́ náà kò tíì wọlẹ̀ tí Rédíò fi dé, tó ń sáré.

"O ti fún wọn? Torí mo rí Ọ̀gá Afínoògùn. Ó ti wà nísàlẹ̀ oko. Ó ní ìrì tètè gbẹ lónìí."

Àwọn méjèèjì sáré lọ. Ọkùnrin náà ti fi aṣọ bo imú, ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín oògùn lọ ní ìlà kẹta. Òórùn rẹ̀ ta àwọn ọmọ náà nímú. Lórí ilẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti kọjá, oyin kan dojú ìyẹ́ délẹ̀, ó ń yí po, ó ń yí po. Oyin dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí kò yí mọ́.

"Ẹ dákun, sà, ẹ dúró," Àbígbẹ̀yìn bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Olóyin ò mọ̀."

"Ìyá rẹ sọ fún mi pé ó ti mọ̀."

"Irọ́ ni mo pa fún wọn, sà."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ tó pa irọ́ lánàá ló fẹ́ kí n gba òun gbọ́ lónìí? Ìyá rẹ ló pè mí, ìyá rẹ ló lè dá mi dúró. Tàbí kí ẹni tó ni oyin wá fúnra rẹ̀. Mo ní oko méjì tó ń dúró dè mí."

Ìyá ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí ìlú. Rédíò pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Nígbà náà ni Àbígbẹ̀yìn gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká mú.

"Ìwọ lo gbà mí nímọ̀ràn, èmi ni mo sì gbà á. Mo ń lọ bá Bàbá. Má jẹ́ kó kọjá ìlà yìí. Ọjọ́ tí ẹnu rẹ máa wúlò lo rí yìí."

Kó tó ta kété ló ti ń gbọ́ Rédíò lẹ́yìn rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí mà dára o. Ẹ̀yin lẹ rà á ni àbí wọ́n gbé e fún yín? Bàbá mi fẹ́ ra irú ẹ̀, wọ́n ní iléeṣẹ́ méjì ló ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kì í jò?" Ọkùnrin náà dúró láti dáhùn. Ta ló lè dáhùn Rédíò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Géètì ọgbà oyin ṣí sílẹ̀. Bàbá Olóyin tún wà nídìí igi lókèèrè, ó tún kẹ̀yìn. Àbígbẹ̀yìn pè é, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà. Kò sí Jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n. Òun nìkan ni, àti ìwé náà, àti ìlà méjì àpótí tó ń kùn.

Ó wọlé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré, kò gbà fún un. Ó rántí àtẹ́lẹwọ́ tó rọra ń rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọgbà ìwọ̀n. Jẹ́jẹ́. Oyin kan gbá a níwájú orí, ó padà. Òmíràn wọ irun rẹ̀, ó ń dún níbẹ̀, ó ń wá ọ̀nà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé àárín ọ̀nà, ọ̀kan ta á lọ́rùn. Ìrora náà wọ inú eegun, ọmọ ọdún mẹ́fà inú rẹ̀ sì kígbe pé kó padà. Ó kó ètè mọ́ eyín. Ó gbé ẹsẹ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ó yẹ kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn náà. Bàbá Olóyin kò tiẹ̀ bọ́ nẹ́ẹ̀tì tó fi bo orí kó tó sáré wọ oko, Ọ̀gá Afínoògùn sì gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta yẹn kò ṣe é tún ṣe. Nígbà ìkórè, ìwọ̀nba èso tín-ín-rín ló wà lórí wọn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i. Oyin àpótí méjì kú tán, ojoojúmọ́ ni Àbígbẹ̀yìn sì ń lọ gbá iwájú wọn títí ọ̀wọ́ oyin tuntun fi wọ inú wọn. Ìyá sunkún. Lẹ́yìn tó sunkún tán, ó rìn lọ bá Bàbá Olóyin fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "ẹ má bínú," torí pé àwọn méjèèjì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n pè ní "mo gbà" ló ṣí ilẹ̀kùn fún irọ́. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fín oògùn, wọ́n sì ń fi igi gbígbẹ sílẹ̀ létí oko fún àwọn oyin tí kò ní olówó.

Jẹ́jẹ́ kò bá Àbígbẹ̀yìn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ọmọbìnrin náà ló lọ bá a, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: pé lọ́jọ́ ọgbà ìwọ̀n, ẹ̀rù ló so òun mọ́lẹ̀.  Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹni tí ẹ̀rù ò bà tó wọ àárín oyin, kí ló ṣe? Ìwọ tí ẹ̀rù ń bà, tó o sì wọlé, ìwọ lo ṣe nǹkan. Ó kàn yẹ kó o ti wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò lọ́pọ̀. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ ló ń fi ohun ẹlòmíràn san gbèsè rẹ̀. Bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ tó bà yín lẹ́rù, ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín, kí ẹ sì jẹ́ iṣẹ́ náà nígbà tó ṣì wúlò.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ṣì wà níwájú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí igi ni. Bàbá Olóyin gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó yíjú padà, ó sì rí ọmọ tí oyin ta lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó dúró sáàárín oyin, ọrùn rẹ̀ ti ń wú.

"Ìwọ kẹ̀?" ó ní. "Kí lo wá ṣe níbí, ọmọ mi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà," Àbígbẹ̀yìn dáhùn. "Ó yẹ kí n ti fún yín lánàá."

Ìwé náà ti rún, òógùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orí rẹ̀ rẹ́. Oyin kan bà sórí rẹ̀, ó rìn dé etí ìwé náà, ó sì fò lọ. Àbígbẹ̀yìn dúró kó lọ tán. Lẹ́yìn náà, ó fi ìwé náà lé Bàbá Olóyin lọ́wọ́.